Iná Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Dákẹ́

Mo dúró níwájú ìsọ̀ Sàbítíù ní Ògùnpa,
tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lórí tábìlì, ẹ̀kẹrin lọ́wọ́ mi,
oòrùn ọ̀sán ń fi gbogbo wọn ṣe yẹ̀yẹ́.
Sàbítíù ní, "Èyí ni kí o mú, ọ̀gá ni.
Bí o bá tàn án ní Mọ́kọ́lá, wọn á rí i ní Mápó."
Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kò lọ Mápó.
Ìsàlẹ̀ omi Eléyèlé ni mò ń lọ,
níbi tí ọwọ́ ara mi ti ń di àlejò lójú mi."

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ pé ewúrẹ́ ń wọ bàtà.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún un, mo gbé e mì:
ojú kámẹ́rà kì í ríran nínú òkùnkùn,
á máa yí síwájú, á máa yí sẹ́yìn,
bí arúgbó tó ń wá ihò abẹ́rẹ́;
kó tó rí i, ẹja ti lọ sílé.
Iná yìí kọ́ ló ń ya fọ́tò. Fíláàṣì ló ń yà á.
Iná yìí kàn ń nàka ni: ibí ni kí o wò.

Lọ́dún èṣí, ọ̀gá ni mo rà.
Mo wọ omi nígbà tí ilẹ̀ ṣú, Múdà jókòó sínú ọkọ̀,
ó di okùn mi mú, ó ń jẹ ẹ̀pà.
Mo tàn án. Yéè!
Gbogbo ẹrẹ̀ Eléyèlé ló dìde kí mi,
èérún ewé, ohun tí òjò gbá wá láti odò Ọ̀nà,
ó funfun báláú bí ọyẹ́ ojú pópó Ọ̀yọ́
nígbà tí awakọ̀ bá tan iná gíga sínú kùrukùru,
tí kò rí nǹkan mìíràn ju ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ lọ.
Àwòrán mẹ́tàdínlógójì.
Rísíkátù tó ń kọ́ nípa ẹja ní Yunifásítì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó ní, "Ṣé ìràwọ̀ lo lọ yà ni?"

Èyí tó dùn mí jù kò sí nínú àwòrán.
Abo epìyà kan wà lábẹ́ kùkùté,
ẹnu rẹ̀ wú, àwọn ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀,
ni mo bá da iná bò ó lójú.
Ó tu gbogbo wọn dà nù, ó sá.
Wọ́n fọ́n ká nínú ìmọ́lẹ̀ mi, wọn kò tó ìdajì erèé,
mo sì rí ẹnu mìíràn tó ń bọ̀ láti inú òkùnkùn.
Mo pa iná. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Nítorí náà, Sàbítíù, má bínú.
Gbé èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tóóró bí okùn sẹ́yìn,
ẹja kì í dúró sójú kan.
Ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti sán;
omi kò nílò ju ihò irun lọ.
Fún mi ní kékeré yẹn, tí o fi tẹ ìwé rísíìtì mọ́lẹ̀,
tó fẹ̀ láyà bí àwo, tí kò mọ́lẹ̀ ju òṣùpá ọjọ́ keje lọ.
Ó ní bọ́tìnì pupa, àbí? Tẹ̀ ẹ́.

A fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, àwa méjèèjì tẹrí sí i
bí ẹni tó ń wo ẹyin bóyá ó ti bàjẹ́.
Pupa. Bí ẹyín iná tó fẹ́ kú.
Wọ́n ní ojú ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ rí pupa.
Bí fíláàṣì bá sì bú, á panu mọ́ fúnra rẹ̀,
ìṣẹ́jú àáyá kan, á tún là.
Sàbítíù ní, "Ó yẹ kí n ra ọ̀kan fún onílé mi."

Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rin. Mo ná an dé ọgọ́ta.
Ó fi bátìrì kan lé e. Mo ní kò tó.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí òjò kò bá rọ̀, Múdà á tún di okùn mú.
N kò mọ̀ bóyá epìyà yẹn ṣì wà lábẹ́ kùkùté.
Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kan ilẹ̀kùn ná.